Ọdún Tí Gbogbo Wa Ń Hú Ẹyin Tata

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tí àga kò bá kàn kó jókòó sórí ẹní, ẹní náà mọ́. Mùjìbátù, ọmọ ọmọ mi, ti sọ fún mi pé ẹ̀yin tí ẹ bá a wá láti ilé ẹ̀kọ́ gíga yìí, àrùn ohun ọ̀gbìn àti kòkòrò tó ń ba oko jẹ́ ni ẹ ń kọ́. Mo rí yín láàárọ̀ nígbà tí ẹ ń já ewé ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé mi, tí ẹ ń wo iwájú rẹ̀, tí ẹ ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, tí ẹ ń ya fọ́tò rẹ̀ bí ẹni ń ya fọ́tò ìyàwó tuntun. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ẹ sì rò pé mo ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Rárá o. Ohun tí mo rí lára yín ni mo ti rí rí, nígbà tí mo wà ní ọmọge, tí ilẹ̀ wa yìí ṣì ń jẹ́ Dàhòmì, tí àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba lé wa lọ́wọ́. Mùjìbátù bi mí pé, "Màmá, ṣé kòkòrò máa ń yọ yín lẹ́nu láyé ìgbà yẹn?" Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibí yìí ṣe rí nígbà náà. Ọ̀nà gbòòrò tí ẹ gbà wá láti Ìfọ̀nyìn, tí wọ́n ń kọ ní Ifangni sára pátákó, kò sí. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró ni, igi ọ̀pẹ lọ́tùn-ún, igi ọ̀pẹ lósì. Kò sí sẹ́míjàn, alùpùpù akérò yìí, tó ń pariwo kiri. Tí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, ohùn àkọ́kọ́ tí ẹ ó gbọ́ ní abúlé wa létí Lagbé ni ohùn páànù tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ìyá mi á gbé páànù tí wọ́n ti fi ìṣó dá lu síwájú, á bẹ̀rẹ̀ sí í rin ẹ̀gẹ́ sí i lára. Ìyá mìíràn ní agboolé kejì á dá a lóhùn, ẹlòmíràn á gbà á lẹ́nu wọn. Kí ẹ tó mọ̀, gbogbo àdúgbò ti ń dún ṣìkì-ṣìkì, ṣìkì-ṣìkì. Ọ̀lẹ kò lè sun oorun àárọ̀ lábúlé wa. Lónìí, ẹ̀rọ tó wà ní ìkóríta ló ń lọ ẹ̀gẹ́ kún agbọ̀n kí ẹ tó kí ara yín tán. Èmi kò sọ pé ẹ̀rọ kò dára. Ká ní ìyá mi rí i ni, ijó ni ì bá jó yí i ká. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìka mi, ẹ wo àpá páànù níbí àti níbí. Gbogbo ọmọge ìgbà wa ló ní irú rẹ̀. Tí a bá bọ ara wa lọ́wọ́, a máa ń mọ̀ ọ́n lára.

Gàrí wa, ọjà Ìgòlò là ń gbé e lọ. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín, igbá lórí, orin lẹ́nu. Àwọn ará òdìkejì tí wọ́n ń pè ní Nàìjíríà á wá bá wa níbẹ̀, èdè kan náà, ìkíni kan náà, nígbà mìíràn bàbá kan náà. A kò mọ ibi tí ilẹ̀ kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, àfi tí a bá rí àwọn dùwánì, àwọn aṣọ́bodè, tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà wọn tí wọ́n ń mu omi àgbọn.

Tí Iléyá bá dé, inú pápá tó wà lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́ la ti ń kírun yídì. Ọdún kan wà tí àgbò lèmọ́mù já okùn, tó gba àárín àwọn ọkùnrin tó wà ní ìforíkanlẹ̀ kọjá, tó wọ oko bàbá mi lọ. Kò sẹ́ni tó lè gbórí sókè. Nígbà tí wọ́n sálámà tán, ó ti jẹ ewé ẹ̀gẹ́ yó, ó dùbúlẹ̀. Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá mi, bàbá mi ní, "Àgbò ọlọ́dún ni. Ẹ jẹ́ kó jẹun." Bẹ́ẹ̀ la ṣe fẹ́ràn oko ẹ̀gẹ́ náà tó, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń so tó, títí di ọdún tí tata dé.

Tata tí mo ń wí yìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Èyí tó ní àwọ̀ dúdú, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè lára, tó ń rùn tí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó ti máa ń wà tẹ́lẹ̀, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn ọmọdé ń fi í ṣeré. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, bí ọyẹ́ ṣe ń wọlé, a rí àwọn ọmọ rẹ̀ kéékèèké, dúdú, wọ́n ṣùjọ sórí ewé bí ẹni da iyẹ̀pẹ̀ dúdú lé e. A kò kà wọ́n sí. Nígbà tí ọyẹ́ fi mú dáadáa, wọ́n ti dàgbà, wọ́n sì ti bo oko. Tí ẹ bá dúró jẹ́ẹ́ létí oko, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí òjò wínníwínní tó ń rọ̀ sórí ewé gbígbẹ. Wọ́n jẹ ewé tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó èèpo ara igi jẹ. Oko tí a kì í rí òdìkejì rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di igi funfun tó dúró ṣánṣán. Bàbá mi dúró láàárín rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn. Èmi tí mo gbé oúnjẹ lọ fún un padà wálé pẹ̀lú oúnjẹ náà.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ràímì, bàbá bàbá Mùjìbátù yìí, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ọmọ Tchaada ni. Wọ́n ti wá tọrọ mi, àwọn òbí mi ti gbà, a sì ti fi ìgbéyàwó sí ìgbà tí a bá wú ẹ̀gẹ́ oko yẹn tán. Inú oko náà ni gàrí tí àlejò máa jẹ wà, inú rẹ̀ náà ni aṣọ mi àti ìkòkò mi wà. Bàbá mi ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n jọ̀wọ́ dúró. Wọ́n wá láti Tchaada, wọ́n jókòó sínú yàrá, èmi sì wà lẹ́yìn ògiri, mo ń ṣa ìrẹsì, etí mi wà lọ́dọ̀ wọn. Àbúrò bàbá Ràímì obìnrin kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "A bá yín kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọge wà ní Tchaada tí oko bàbá wọn ṣì dúró. A kò lè máa retí ẹ̀gẹ́ tí tata ti jẹ."

Mo gbọ́ tí Ràímì túnra mú níbi tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ má bínú. Ẹ̀gẹ́ kọ́ ni mo bá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró."

Ìrẹsì tí mo ń ṣa dà sílẹ̀ gbogbo. Mi ò mọ ìgbà tí mo yí àtẹ náà dànù. Adìyẹ ìyá mi jẹ ẹ́ yó lọ́jọ́ náà.

Wọ́n gbà láti dúró di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá Ràímì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àgbà, pé tí ẹ̀ẹ̀rùn náà bá tún dé tí oko tún rí báyìí, wọn á jẹ́ kí ọmọ wọn wo ibòmíràn. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé tata tó bá ti wá lọ́dún yìí lè wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìgbà yẹn ni ìjọba rán mònítọ̀ sí wa. Orúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ẹni tó ń kọ́ àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oko. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, Ègùn láti Àjàṣẹ́, ó gun kẹ̀kẹ́, ó wọ ṣòkòtò kúkúrú àti ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún. Ó ń sọ Yorùbá bí Ègùn ṣe ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ dùn létí wa, a sì máa ń mú un sọ̀rọ̀ láìnídìí kan ká lè gbọ́ ọ. Lèmọ́mù fún un ní yàrá kan. Kò tíì pẹ́ tí a fi rí ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ó fi ọ̀pá igi ọ̀gọ̀rọ̀ ṣe ilé kékeré kan, ó fi aṣọ àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó, ó kó tata sínú rẹ̀, ó ń fún wọn lóúnjẹ. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, á jókòó tì wọ́n, á máa wò wọ́n.

Ẹ ò lè mọ bí abúlé ṣe rẹ́rìn-ín tó. Ẹni tí ìjọba rán láti wá pa tata, ó ń bọ́ tata. Àwọn ọmọdé sọ ọ́ ní Mùsíyè Tata, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Tata lédè Faransé. Tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, á bọ́ fìlà koríko rẹ̀, á dáhùn, á sì bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti rí tata lónìí. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọdé fi di ẹni tó ń mú ìròyìn wá fún un.

Ó mú ìyẹ̀fun oògùn díẹ̀ wá, àpò kan péré. A fọ́n ọn sí oko kan. Tata tó wà níbẹ̀ kú lóòótọ́, inú wa dùn, a ti ń jó. Lọ́jọ́ kejì, àwọn adìyẹ lọ ṣa òkú tata jẹ, àwọn náà kú. Àwọn obìnrin kó òkú adìyẹ wọn wá síwájú yàrá rẹ̀, wọ́n tò ó lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Mùsíyè jáde, ó wò wọ́n, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn adìyẹ náà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín kí ẹ so wọ́n mọ́lẹ̀." Ìyá mi ló wá fà á dìde. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ó wá pè wá jọ, ó ní, "Bọ́n, ó dáa. Oògùn ti tán, bí a bá sì rí òmíràn, kò lè kárí oko gbogbo yín. Ẹ máa bá mi wo ibi tí tata ń lọ tí wọ́n bá ti dàgbà. Ẹyin wọn wà níbì kan. Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ pé inú ilẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ń yàn lọ́dọ̀ yín níbí."

Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, èmi àti ìyá mi lọ ṣẹ́gi. Lábẹ́ òjìji àwọn igi kéékèèké kan, níbi tí ilẹ̀ ti tutù, mo rí tata tó pọ̀ ju gbogbo èyí tí mo ti rí rí lọ. Wọ́n ń gun orí ara wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn kò fò lọ nígbà tí mo súnmọ́ wọn. Àwọn abo ti ki ìdí bọ ilẹ̀, wọ́n dúró gbọnin bí ẹni tí iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ju igi sílẹ̀, mo sáré lọ pe Mùsíyè. Oúnjẹ ọ̀sán ló ń jẹ. Ó fi ọbẹ̀ sílẹ̀, ó bá mi sáré, ìyá mi ní òun kò rí ọkùnrin tó fi ọbẹ̀ ẹja sílẹ̀ rí.

Ó kúnlẹ̀, ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó mú nǹkan kan jáde tó dà bí ẹ̀pà tó ṣì wà nínú èèpo. Ó fọwọ́ ya á. Inú rẹ̀ kún fún ẹyin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n tò mọ́ra bí ìrẹsì. "Wọ̀là, òun nìyí," ó ní. "Ẹ wò ó. Ẹ wò ó dáadáa. Gbogbo àsìkò òjò ni èyí máa fi wà nínú ilẹ̀. Ìgbà tí ọyẹ́ bá fẹ́ dé ló máa pa. Tí a bá hú u síta ṣáájú ìgbà náà, oòrùn á gbẹ ẹ́, èèrà á jẹ ẹ́, tata kò ní í jáde." Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó fúyẹ́. Mo ń wò ó, mo ń ronú pé ohun kékeré yìí ló fẹ́ gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi.

Báyìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ibi tí tata bá ti ṣùjọ, a fi ọ̀pá sí i, a so màrìwò mọ́ ọn lórí. Nígbà tí òjò ti rọ̀ tí ilẹ̀ sì rọ̀, tí a ti gbin àgbàdo tán, a mú ọjọ́ kan. Ẹ̀yin ọmọ, bí ọdún ló rí. Wọ́n kírun Jímọ̀ tán, àwọn ọkùnrin gbé ọkọ́ jáde, àwọn obìnrin gbé agbọ̀n, àwọn àgbà gbé àpótí lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè jókòó máa wò. Ràímì wá láti Tchaada pẹ̀lú ọkọ́ lórí èjìká, kò sì sẹ́ni tó pè é. A ń gbẹ́, a ń hú, a ń dà á sójú oòrùn. Àwọn adìyẹ tó ṣẹ́kù ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn, wọ́n ń ṣa ẹyin jẹ, wọ́n sanra débi pé wọn kò lè sáré mọ́. Orin kan wà tí a dá níbẹ̀, mo ṣì rántí rẹ̀:

Tata jẹ ewé, a kò bínú,
Tata jẹ èèpo, a dákẹ́;
Ilé tó kọ́ sábẹ́ ilẹ̀ wa,
Àwa la ó kó ẹrù rẹ̀ síta.

Tí wọ́n bá dé "síta", gbogbo ọkọ́ á wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mùsíyè kò mọ ìgbà tó yẹ kó sọ ọkọ́ tirẹ̀ kalẹ̀, ó máa ń kẹ́yìn ṣáá, a sì ń rẹ́rìn-ín rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti kọ́kọ́ rí wọn, tí ẹyin pọ̀ sí ju gbogbo ibi yòókù lọ, ẹnikẹ́ni kò lè gbé ọkọ́ débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ìyá rẹ̀, tí a ń pè ní Bàbá Súlè. Nígbà tí bàbá wọn kú, iná ìgbẹ́ jó pẹ̀rẹ̀gún tó jẹ́ ààlà oko wọn. Bàbá mi ní ààlà wà níbí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ó wà lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọn kò kí ara wọn mọ́, tí wọ́n bá sì dúró ní sàfù kan náà ní mọ́sálásí, ẹnìkan á wà láàárín wọn. Lèmọ́mù àti àwọn àgbà wá pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọkọ́ kan ilẹ̀ tó wà láàárín náà títí wọn á fi yanjú rẹ̀. Wọn kò yanjú rẹ̀. Ó di igbó, a ń pè é ní ilẹ̀ ìjà. Ibẹ̀ ni tata rí tó tutù, tó dákẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í yọ ọ́ lẹ́nu.

Mùsíyè lọ bá bàbá mi. Bàbá mi fún un lága, ó fún un lómi, ó ní, "Tí mo bá gbé ọkọ́ débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi á ní mo ti gba ilẹ̀." Ó lọ bá Bàbá Súlè. Òun náà fún un lága, ó fún un ní ọsàn, ó ní, "Ẹ sọ fún àbúrò mi, ọjọ́ tí mo bá rí ọkọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ kọ̀màndáǹ ìjọba ni ọ̀rọ̀ á dé." Mùsíyè padà wá jókòó síwájú ilé wa. Ó ní fún ìyá mi pé, "Tí a bá hú gbogbo ibi yòókù tí a fi ibí yìí sílẹ̀, a kò tíì ṣe nǹkan kan. Láti ibí ni wọ́n á ti tàn ká gbogbo oko padà."

Èmi ń gbọ́ ọ. Òjò ti ń dín kù. Mo ń rí àwọn ará Tchaada nínú ọkàn mi, bí wọ́n ṣe máa wọlé, bí wọ́n ṣe máa jókòó, bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní odò tí a ti ń pọnmi, Ìyá Súlè, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, gbé ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá mi. Àwọn méjèèjì kò bára wọn jà rí, ṣùgbọ́n nítorí àwọn ọkọ wọn, ìkíni lásán ni wọ́n ń kí ara wọn. Lọ́jọ́ náà, Ìyá Súlè ní, "Ìyàwó, kí ni àwọn lèmọ́mù sọ gan-an nípa ilẹ̀ yẹn?"

Ìyá mi ní, "Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi ọkọ́ kàn án."

"Ọkọ́," ni Ìyá Súlè wí. "Ṣé wọ́n dárúkọ ọwọ́?"

Ìyá mi wò ó. "N kò gbọ́ ọwọ́ níbẹ̀."

"Èmi náà kò gbọ́ ọ. Ṣé wọ́n dárúkọ igi?"

Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ìkòkò Ìyá Súlè yí wọ inú odò, èmi ni mo wọ omi lọ mú un.

Kí oòrùn tó mú, gbogbo obìnrin abúlé ti wà ní ilẹ̀ ìjà. Kò sí ọkọ́ kan níbẹ̀. Igi tí a gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó la mú dání, ẹlòmíràn mú ìkaraun ìgbín, ẹlòmíràn mú ṣíbí ọbẹ̀. A kúnlẹ̀, a ń gbẹ́. Àwọn ọkùnrin gbọ́ orin, wọ́n jáde wá. Bàbá mi dúró ní ìhà oko tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró ní ìhà tirẹ̀, àwọn méjèèjì ká ọwọ́ lẹ́yìn lọ́nà kan náà. Lèmọ́mù dé. Ẹnìkan ní kó dá wa lẹ́kun. Ó wo igi, ó wo ìkaraun, ó wo ṣíbí, ó fi etí láwàní rẹ̀ nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ọkọ́ la sọ. Mi ò rí ọkọ́." Ó wá ibi tó tutù, ó jókòó.

Ibi tí a ti ń gbẹ́ ni igbó ti mì lẹ́sẹ̀ mi. Ọ̀yà ńlá kan ló fò jáde, ó gba àárín itan mi méjèèjì kọjá, mo ṣubú sẹ́yìn lé Ìyá Súlè lórí, orin dáwọ́ dúró, igbe ta. Ọ̀yà náà sá lọ sí ìhà bàbá mi, bàbá mi fò wọ ilẹ̀ ìjà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó yí padà, ó sá lọ sí ìhà kejì, Bàbá Súlè náà fò wọlé. Ọkùnrin méjì tí irùngbọ̀n wọn ti ń funfun ń sáré yí igbó ká, fìlà ti bọ́, bàtà ti bọ́, àwa obìnrin ń sá fún wọn. Bàbá mi ló dùbúlẹ̀ lé e lórí níkẹyìn. Ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀bẹ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú ọ̀bẹ wá, ó ń bọ́ lọ."

Bàbá Súlè ti yọ ọ̀bẹ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Dì í mú dáadáa, yí orí rẹ̀ sí mi." Ó pe Bísímílà, ó dú u.

Ìgbà tí ọ̀yà náà dákẹ́ ni wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n wà. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ láàárín ilẹ̀ ìjà, iyẹ̀pẹ̀ lójú, iyẹ̀pẹ̀ ní irùngbọ̀n, ọ̀yà láàárín wọn. Bàbá Súlè wo apá bàbá mi, ẹ̀gún ti ya á, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níbẹ̀. Ó ní, "Ó ti ha ọ́."

Bàbá mi ní, "Kò dùn mí, Ẹ̀gbọ́n."

"Bí o ṣe máa ń wí nìyẹn láti kékeré," ni Bàbá Súlè sọ. Ó ya etí aṣọ rẹ̀, ó sì dì í fún un lápá.

Lèmọ́mù dìde ní ibi tó jókòó sí, ó ní, "Tí ẹ̀yin onílẹ̀ bá ti wọ ilẹ̀ fúnra yín, kí ni ẹ ń fẹ́ kí n tún yanjú?" Wọ́n jọ dáhùn pé kò sí. Ìkòkò kan náà la fi se ọ̀yà náà, ojúde wa ni wọ́n ti jẹ ẹ́, Mùsíyè sì jẹ itan rẹ̀. Àwọn ọkùnrin gbé ọkọ́ wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n bá wa parí iṣẹ́ ilẹ̀ náà. Ní ti ààlà, wọ́n ní àwọn obìnrin ló ṣí ilẹ̀ náà, kí àwọn obìnrin máa gbìn ín. Ìyá mi àti Ìyá Súlè gbin àgbàdo àkẹ́yìn sí i. Títí wọ́n fi kú, àwọn méjèèjì ló ń pín ohun tó bá jáde níbẹ̀.

Ọyẹ́ dé. Láràárọ̀ ni mo ń lọ wo oko, mo ń yí ewé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń ṣe láàárọ̀ yìí. Tata jáde, n kò ní purọ́ fún yín, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn ọmọdé tún ń fi wọ́n ṣeré. Ẹ̀gẹ́ tuntun tí a gbìn ń ṣú, ó bo ilẹ̀, ewé rẹ̀ ń kan ara wọn létí. Nígbà tí àwọn ará Tchaada dé, bàbá mi kò bá wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú wọn lọ sí oko, ó ní kí wọ́n gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọ́n wọ inú rẹ̀, a kò rí wọn mọ́. Ohùn àbúrò bàbá Ràímì la gbọ́ láàárín ewé, tó ń bi wọ́n pé ọ̀nà wo ni òun máa gbà jáde.

Wọ́n so yìgì mi kí òjò tó dé. Àwọn obìnrin abúlé rin ẹ̀gẹ́ fún mi láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, gàrí funfun kún agbọ̀n, Bàbá Súlè ló sì jókòó ní ipò bàbá ìyàwó, nítorí bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n òun wà láyé, òun kò lè jókòó síbẹ̀. Mùsíyè jó. Ègùn ni, ijó tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, ó ń ju èjìká, àwọn ọmọdé tò sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń ju èjìká. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi gbé e lọ sí ìhà àríwá, ibi tí wọ́n ti ń gbin òwú. Ó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yí abúlé po lọ́jọ́ tó ń lọ, ó dá gbére fún ilé kọ̀ọ̀kan, àwọn obìnrin sì di adìyẹ kan fún un, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, adìyẹ náà ń ké títí a kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ní ti èmi, wọ́n mú mi dé Tchaada pẹ̀lú orin. Lọ́jọ́ kejì, làálì ṣì pọ́n lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ mi, wọ́n ní kí n jókòó, ìyàwó tuntun kì í ṣiṣẹ́. Mo jókòó. Láti ibi tí mo jókòó sí, mo rí i tí tata ń fò kọjá lójúde, ọ̀kan, òmíràn, òmíràn, gbogbo wọn ń lọ sí ọ̀nà kan náà, sí abẹ́ àwọn igi tó wà lẹ́yìn ilé. Mo gbìyànjú láti gbójú kúrò lára wọn. Kò ṣeé ṣe. Mo dìde, mo ṣẹ́ igi kan, mo gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, mo lọ síbẹ̀, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tuntun lára mi.

Ìyá ọkọ mi ló wá bá mi níbẹ̀. Ó dúró lórí mi fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo làálì mi tí iyẹ̀pẹ̀ ti bò. Mo rò pé á bá mi wí. Mo hú ẹyọ kan jáde, mo ya èèpo rẹ̀, mo nà án sí i. Ó gbà á, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Fún mi ní igi kan. Fi ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ hàn mí."